Ọkọ̀ Mẹ́wàá Tó Wà Lẹ́yìn Akínlabí

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Calgary, Akínlabí Adéníjì nìkan ló máa ń jí lọ́jọ́ Sátidé láti lọ wá ọ̀nà tó bàjẹ́. Àwọn yòókù ti rí ọ̀nà bàjẹ́ tó nílé kí wọ́n tó wọ bàálù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ rẹ̀ tìyanutìyanu níwájú mall Marlborough, Toyota àtijọ́ kan tí ẹrẹ̀ ti bò títí dé orí gíláàsì. Ẹrẹ̀ yẹn pọ̀ débi pé koríko hù lórí bọ́ńpà ẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Abdulwasiu tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló jọ.

Akínlabí ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Báńkì ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin kó tó dé Canada. Ní Calgary, forklift ló ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Foothills Industrial, ó sì ń gbé ní Temple, nínú ilé tó tó ìdílé méjì gbé, òun nìkan. Ìyàwó rẹ̀, Dóyin, kò kú, wọn kò sì kọ ara wọn. Halifax ló wà, ní etí òkun, ní òdìkejì Canada pátápátá. Ọmọ ló lọ wẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Olúmáyọ̀wá, ló bímọ síbẹ̀. Dóyin di báàgì, ó ní tí ọrùn ọmọ bá ti le, òun á padà. Ọrùn ọmọ le, ọmọ rá, ọmọ rìn, àbúrò rẹ̀ dé. Ibi tí wọ́n ti ń wá daycare kiri ni ìyá tó wá wẹ ọmọ ti di daycare fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá pè láti sọ pé òun ṣì máa pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni Akínlabí fi ń dá a lóhùn: “Kò burú.” Kò sí ọjọ́ kan tó sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé fóònù, “kò burú” ló ń jáde. Sálúbàtà Dóyin ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí. Tí Akínlabí bá ń gbálẹ̀, á gbá a yí i ká, kò ní sún un.

Titus, ọmọ ibi iṣẹ́ wọn kan tó ń kó lọ sí Toronto, ló ta Toyota náà fún un. Torí snow ló ṣe rà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan tí ilé pa rọ́rọ́, ó wakọ̀ jáde kó lè máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lásán. Ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó kọjá Cochrane, ó ń lọ títí ọ̀dà fi tán lójú títì. Ibẹ̀ ni igbó ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, igbó tí ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, tí àwọn ọ̀nà tóóró pín káàkiri inú rẹ̀, tí wọ́n ń gun òkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀. Òórùn igi tútù wọlé, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn epo ọkọ̀, Akínlabí sì bá ara rẹ̀ ní iwájú agbégilódò bàbá rẹ̀ lọ́nà Òrè. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń wakọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti jáde nínú kòtò, á kàn gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà kó lè fẹ̀ lórí òkúta. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ fi igi wọn ọ̀gọ̀dọ̀ wò kí wọ́n tó ki ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Ó gun òkè kan tó jẹ́ pé táyà iwájú ti wà nínú ìkùukùu nígbà tí tẹ̀yìn ṣì ń ta ẹrẹ̀. Ó pàdé béárì kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà, tó ń wò ó bí ọlọ́pàá tó fẹ́ béèrè pátíkúlásì. Ìgbà tí Akínlabí kí i pé “ẹ kú iṣẹ́” ló tó dìde fún un.

Ìdákẹ́jẹ́ igbó yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n ti ilé ní Temple máa ń jókòó ti èèyàn, á máa wò ó lójú. Ti igbó kàn wà níbẹ̀ ni, kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Oṣù kẹfà ni ọ̀rọ̀ ìka ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kan wà lẹ́bàá odò Waiparous, ó tóóró, igi lápá ọ̀tún, ọ̀gbun lápá òsì. Akínlabí yọ ní kọ̀rọ̀, ó sì ko òyìnbó onírùngbọ̀n kan nínú ọkọ̀ gàgàrà kan. Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka márààrún sí i, àtẹ́lẹwọ́ gbalaja.

Ọmọ Yorùbá wo ni wọn ó na irú rẹ̀ sí tí kò ní mọ̀ pé ìyá òun ni wọ́n bú? Ìyá Akínlabí ti kú, ó ń sinmi jẹ́ẹ́jẹ́ ní Ìlọrin, kò sì ṣẹ òyìnbó kankan rí. Inú Akínlabí ru. Ó fi sítíárìn sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dá a padà, ó tún tì í síwájú kó lè wọ̀ ọ́ dáadáa.

“Tìrẹ náà,” ó ní, “àti ti bàbá ẹ.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu òyìnbó. Ó gbé rédíò kékeré kan sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ọkọ̀ márùn-ún mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n ń kó wọnú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka igi ń ha wọ́n lára, ọ̀kan tilẹ̀ rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Akínlabí gbé àyà sókè, ó gba iwájú wọn kọjá bí ọba tó ń lọ gbadé. Ó gbà pé wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n bú.

Ìyá àgbà kan nínú ọkọ̀ pupa ló kẹ́yìn. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó béèrè lédè Òyìnbó pé àwọn tó kù ńkọ́.

“Àwọn wo?” ni Akínlabí bi í.

“Mẹ́wàá lo sọ. O ní ọkọ̀ mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn rẹ. Àwọn la yà fún.”

Ìyá náà ló wá là á yé e. Nínú igbó yìí, iye ìka tí awakọ̀ bá nà ni iye ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀, kó má baà tún yọ sójú ọ̀nà lójijì.

“Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan,” ó ní, “di ẹ̀ṣẹ́, kí o gbé e sókè. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni lẹ́yìn mi.”

Ojú ti Akínlabí. Ká ní ọ̀gbun yẹn sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i ni, ì bá kó sínú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ó sì bá wọn ti èyí tó rì. Kò sọ ohun tó rò nípa ìka fún wọn.

Abdulwasiu ló sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́. Àbúrò yìí di forklift mú kó má baà ṣubú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú òyìnbó mẹ́fà níyàá, wọ́n tún yà fún yín?”

“Mi ò bú wọn. Mo dá a padà ni.”

“Mẹ́wàá. Governor nìkan ló ń ní irú convoy yẹn. Wọ́n á ṣì wà níbẹ̀ báyìí o, tí wọ́n ń retí siren.”

“Ìwọ náà bá mi lọ ní Sátidé.”

“Èmi kẹ̀? No vex, ẹ̀gbọ́n. Tìtorí kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà bàjẹ́ ni mo ṣe wá ìwé PR. Nílé, ẹni tó bá wọ irú igbó yẹn, ààwẹ̀ là ń gbà fún un. Tí mummy bá dé, kí ẹ mú wọn dání.”

Láti ìgbà náà, ẹ̀ṣẹ́ ni. Àwọn tó bá pàdé á na ìka méjì, wọ́n á na mẹ́ta, àwọn ọmọ wọn àti ọkọ ọmọ wọn á tẹ̀ lé wọn kọjá, ajá á yọ orí lójú fèrèsé. Akínlabí á gbé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè. Ohun tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ló ń sọ fún àwọn àjèjì lójú ọ̀nà.

Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, Dóyin ní òun ń bọ̀ nílé ní September fún ọ̀sẹ̀ kan. Akínlabí lọ ra àga kíká méjì. Ó ti rí ibì kan nínú igbó náà, ìtẹ́jú kékeré kan níbi tí odò ti ṣẹ́rí, tí àwọn òkè tó ní snow lórí dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rò ó pé tí Dóyin bá jókòó síbẹ̀, tí kò sí ọmọ tó ń ké, tí kò sí fóònù tó ń dún, òun á lè la ẹnu sọ pé kó má padà sí Halifax mọ́. Ìbàdí Dóyin kò fẹ́ràn kòtò. Nítorí náà, gbogbo Sátidé oṣù kẹjọ ni Akínlabí fi ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, tó ń fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò níbi tí táyà máa gbà. Ó kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí wọ́n fi ga tó ilé ìjọsìn. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá rò pé ìjọba ló rán an.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí Dóyin dé ló pè.

“Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ Máyọ̀wá lọ sí Newfoundland, ọmọ kékeré sì ń yọ eyín. Báwo ni kí n ti wá ṣe é?”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àgbà gba fóònù. “Grandpa, did you see the bear?”

“Mo rí i. Ó ní kí n kí ẹ.”

“Bears can't talk.”

“Tèmi ń sọ.”

Dóyin gba fóònù padà. “Bóyá Kérésì.”

“Snow á ti dí ọ̀nà nígbà yẹn.”

“Ọ̀nà wo?”

Akínlabí wo àga méjèèjì tí wọ́n fara ti ògiri, tí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. “Kò burú,” ó ní.

Nígbà tó di Sátidé, ó lọ. Ewé ti pọ́n yòò lórí òkè, débi pé ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ láìsí oòrùn. Ibi tó ti tóóró jù ló ti rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀. Ọkọ̀ pupa ni, ìyá àgbà ọjọ́sí sì ló wà nínú rẹ̀. Akínlabí gbé ọwọ́ sókè, ìka kan sì dá nà fúnra rẹ̀.

Ìyá náà mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ sínú igbó láti yà fún ẹni tó kù.

Akínlabí rí i tó ń ki ọkọ̀ sáàárín igi. Ó mọ̀ pé á jókòó síbẹ̀ nínú òtútù, pé á máa wo kọ̀rọ̀ yẹn, pé á ní bóyá ẹni náà dúró mu omi ni, bóyá táyà rẹ̀ ló jò. Ó mọ bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Ó ká ìka náà kò, ó di ẹ̀ṣẹ́.

Ìyá náà dá ọkọ̀ dúró, ó wo ẹ̀ṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló gbé tirẹ̀ sókè. Àwọn ọkọ̀ ọjọ́sí kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rọra kọjá lára ara wọn, dígí ẹ̀gbẹ́ kan dígí ẹ̀gbẹ́.

Ní ìtẹ́jú etí odò, Akínlabí ṣí àga méjèèjì. Ó jókòó sí ọ̀kan, ó gbé fìlà rẹ̀ sí èkejì kí afẹ́fẹ́ má baà gbé àga náà lọ. Kò sí network níbẹ̀ rárá. Ó mú fóònù jáde bẹ́ẹ̀ náà, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Odò nìkan ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀.

“Ìyá Máyọ̀wá,” ó ní nígbà tó yá. “Mo ti ń sọ fún ẹ pé kò burú. Ó burú. Ilé yẹn ti tóbi jù fún mi. Mo ti ṣa òkúta ojú ọ̀nà tán nítorí ìbàdí ẹ. Máa bọ̀ nílé.”

Ó tẹ ẹ́ pé kó lọ. Kò lọ. Àmì róbótó kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí títí tó fi ká àga, ó ń yí ní gbogbo ojú ọ̀nà òkúta. Akínlabí lè pa á rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń sún mọ́ ọn tí ọkọ̀ bá ti dé ibi tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ibi tó tẹ́jú kò pọ̀ lọ́nà yẹn, ó nílò ọwọ́ méjèèjì.

Níwájú ilé epo tó wà lẹ́nu Cochrane, fóònù dún. Ó ti lọ. Akínlabí dúró síbi tó ti gbọ́ ọ, ní ẹnu ọ̀nà àbájáde gan-an, títí ẹnì kan lẹ́yìn fi fọn fèrè fún un. Fóònù tún dún. Ọ̀rọ̀ kúkurú ni Dóyin kọ ránṣẹ́: “Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ sùn, mo ń pè yín bọ̀.”

Ó wa Toyota sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi àyè ọkọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbé fóònù lé orúnkún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí awakọ̀ kan na ìka kan sí lójú ọ̀nà tóóró.