Ọkùnrin Tó Ń Fi Ìdí Gbọ́ Orin

Ọkùnrin kan wà tó ń fi ìdí gbọ́ orin. Kì í ṣe pé kò ní etí o. Etí méjì ló ní, wọ́n sì fẹ̀ dáadáa, wọ́n yọ síta bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ló ń ṣe. Àwọn tí orin lásán kò tó mọ́ ló máa ń wá bá a pé kó fi wúfà kún tàwọn, ìyẹn sípíkà ńlá inú àpótí tó ń mú orin dún bí ààrá, pẹ̀lú ámpù tó ń fún un lágbára. Bó bá ti so gbogbo rẹ̀ tán sínú búùtù, yóò pa búùtù dé, yóò gùn ún, yóò jókòó lé e bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba, yóò wá di ojú. Báàsì, ìyẹn ohùn orin tó nípọn, á gba ìdí rẹ̀ wọlé, á gba eegun ẹ̀yìn gòkè, á dé ẹnu. Bí eyín ìsàlẹ̀ bá ti lu ti òkè lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Ó ti jinná."

Elétí-Ajá làdúgbò ń pè é, wọn ò sì fi bú u. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ á ṣì wà ní ìkòríta lọ́hùn-ún, á ti sọ pé súkúrù kan ti dẹ̀ nínú sípíkà ilẹ̀kùn ọ̀tún. Wọ́n á tú ilẹ̀kùn, wọ́n á bá súkúrù níbẹ̀ tó ń mì bí eyín arúgbó. Orúkọ yẹn ló ń mú oníbàárà wá.

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í bá nǹkan tó bí i lọ. Nígbà tí Elétí-Ajá lé ní àádọ́ta ọdún, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù jáde díẹ̀díẹ̀, bí ayálégbé tó fẹ́ sá fún onílé. Ẹyẹ orí òrùlé ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ẹyẹ, kẹ́túlù. Lẹ́yìn kẹ́túlù, fóònù. Àwọn ohùn tó nípọn ló kù fún un: ilẹ̀kùn tó gbá, ajá ńlá, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀, báàsì. Gbogbo ohun tó bá tín-ín-rín ti di ìtàn.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tóhùn rẹ̀ tín-ín-rín jù ládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀ lè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá kó má fara kan án. Ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bó bá ti tẹ ẹsẹ̀ lé máṣíìnì ló ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: òrùlé ilé ìdáná ń jò, bátìrì ọkọ̀ wà lórí tábìlì oúnjẹ, wáyà wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun obìnrin ní òun fẹ́ kí àwọn fún ọjọ́ méjì, ó lo oṣù méjì, ó tún mú àwo lọ. Elétí-Ajá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mi orí, á máa báṣẹ́ lọ. Ṣebí àwọn àgbà ló ní etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, inú tirẹ̀ ò bàjẹ́. Ó tiẹ̀ sanra.

Òkìkí sùúrù rẹ̀ wá kàn. Bí ọkọ tuntun kan bá ti bá aya rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, wọ́n á fà á wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó wá kọ́gbọ́n.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe tí ilé yín fi tòrò báyìí?"

"Máa rẹ́rìn-ín," á wí. "Máa mi orí. Ohunkóhun tó bá sọ, ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́."

Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín yẹn, àyà rẹ̀ ń já pàà. Ta ló fẹ́ gbé rédíò wá fún adití? Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ó di kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa kí àwọn tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Ó fi ẹnu mọ́ ẹnu. Fèrè gan-an ló pa á mọ́ fún jù lọ, nítorí ohun tí Fèrè bá gbọ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, òkúta ojú títì á ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí agbẹ̀bí àgbà kan wa ọkọ̀ dé lọ́jọ́ kan. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré débi pé bí èèyàn bá sín nínú rẹ̀, gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa nù. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá ki bí ohùn akọ màlúù, Elétí-Ajá sì ń gbọ́ ọ ketekete.

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Ṣé rédíò ló bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Wúfà ni mo fẹ́."

"Fún ọmọ yín?"

"Ọmọ wo? Fún èmi alára. Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ igbe ọmọ tuntun, òru àtọ̀sán, ìín-ìín-ìín. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ nǹkan tó nípọn kí n tó kú."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó tóbi tó?"

"Kó tóbi débi tí àwọn tó ń pè mí ní màmá arúgbó á fi máa sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

Elétí-Ajá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, ó so wáyà pupa ńlá mọ́ bátìrì, ó fi fíùsì sí i lọ́rùn kí iná má baà sun ìyá nínú ọkọ̀. Ó wá ku kó fa wáyà náà dé búùtù, kó sì fa wáyà ohùn láti ara rédíò lọ bá a níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un tipẹ́: wáyà iná àti wáyà ohùn kì í sùn lórí ẹní kan náà. Ọ̀kan á gba ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Bí wọ́n bá sùn pọ̀, wáyà iná á máa ṣòfófó ẹ́ńjìnnì sí èkejì létí, sípíkà á sì máa ké bí ẹ̀fọn.

Ogún ọdún ló fi pa òfin yìí mọ́. Àmọ́ láti ọdún mẹ́ta yìí, kò gbọ́ ẹ̀fọn kankan mọ́, ó wá gbà pé wáyà òde òní ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Eékún sì ń dùn ún. Bó ṣe di pé apá kan náà ló ń tẹ́ àwọn méjèèjì sí nìyẹn, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é fún ò mọ̀, nítorí wọn kì í yí orin wálẹ̀ kí ẹ̀fọn lè ráyè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ti màmá. Wáyà dúdú, èyí tó yẹ kó fara kan irin ọkọ̀ gan-an, orí ọ̀dà ló dè é mọ́. Kò ha ọ̀dà náà.

Ó gun búùtù. Eyín lu eyín lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó ti jinná, màmá."

Kò tíì nu ọwọ́ tán tí ọkọ̀ kékeré náà fi padà dé.

"Ọmọ mi, ẹ̀fọn wà nínú ọkọ̀ mi."

"Ẹ yí gíláàsì sílẹ̀, màmá, á jáde."

"Jáde lọ síbo? Sípíkà ló ń ké! Bí mo bá sáré, á ké sókè. Bí mo bá rọra, á ké wálẹ̀. Mo fi igbe ọmọ sílẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí, o tún lọ gbé e sínú ọkọ̀ fún mi."

Elétí-Ajá tún gun búùtù, ó di ojú. Agbẹ̀bí yí orin wálẹ̀, ó tẹ ẹ́ńjìnnì, sípíkà sì figbe ta.

"Ẹ ò rí i?" ni Elétí-Ajá wí. "Ó dákẹ́ rọ́rọ́."

Fèrè yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Kí ló ń ké báyìí? Ó ti gún mi létí ju abẹ́rẹ́ lọ!"

Agbẹ̀bí wo Fèrè. Ó wo ọkùnrin orí búùtù. Ogójì ọdún ló fi ń wo àwọn ọmọ tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ojú rẹ̀ kì í tètè tan án. Ó ní kí Elétí-Ajá sọ̀ kalẹ̀, ó fa Fèrè mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: "Lọ dúró sẹ́yìn ọkọ ẹ. Sọ ohun tí ọkọ kankan ò lè gbọ́ kó má fò sókè."

Fèrè lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣòkòtò yín ti ya nídìí."

Elétí-Ajá rí i pé ojú agbẹ̀bí lọ sẹ́yìn òun, ó mọ̀ pé Fèrè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣe bó ti máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń bọ̀ wá bá wa gbé títí ayé."

Ó mi orí.

"Mo fẹ́ lọ fẹ́ alápatà. Ọ̀la ni mo ń kó lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Elétí-Ajá wí.

Téèpù bọ́ lọ́rùn Fèrè. Ó yípo wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ojú rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ mi?"

Elétí-Ajá rí ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

Ó na ìka mẹ́ta.

"Oṣù?"

Ó fọwọ́ júwe pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ọdún?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń mi orí fún obìnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó mọ ohun tí òun ń mi orí sí.

Fèrè bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ rò pé nítorí etí òun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta! Gbogbo ọ̀rọ̀ mi! Ọ̀rọ̀ òrùlé nìkan, mo ti sọ ọ́ nígbà igba! Màmá, ẹ gbà mí. Èébú kan wà tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì hun. Ọ̀sẹ̀ méjì! Mo rò ó lórí máṣíìnì, mo rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gé e, mo rán an, mo lọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo bú wọn, wọ́n mi orí. Mo ní, háà, ó ti wọ̀ wọ́n lára. Àánú wọn tiẹ̀ ṣe mí! Mi ò bú wọn fún odindi ọjọ́ méjì!"

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Àdúgbò ní sùúrù ni!"

"Rọra," ni Elétí-Ajá ń bẹ ìyàwó rẹ̀. "Má jẹ́ káyé gbọ́. Ta ló máa gbé rédíò wá fún adití? Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀."

Fèrè wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti bú orí ọkùnrin yìí, ó ti bú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti bú bó ṣe ń hanrun àti bó ṣe ń jẹun. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò bú rí. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ṣa téèpù nílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó síwájú.

"Èmi ń gbọ́," ó wí. "Ẹ lọ tún wáyà yín tẹ́."

Ọkọ rẹ̀ kàn ń wò ó.

"Ó ní òun ń gbọ́!" ni agbẹ̀bí fi ohùn akọ màlúù kígbe. "Lọ tún wáyà ẹ tẹ́!"

Elétí-Ajá ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà ohùn lọ sápá kejì, ó gun búùtù. Fèrè so ìpẹ̀kun téèpù kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó fà á gba inú ọkọ̀, ó di ìpẹ̀kun kejì mú síwájú. Agbẹ̀bí tẹ ẹ́ńjìnnì. Fèrè fa téèpù lẹ́ẹ̀kan: ó ṣì ń ké. Elétí-Ajá ronú. Ó rántí wáyà dúdú, ojú tì í díẹ̀. Ó tú u, ó ha ọ̀dà títí irin fi ń dán bí eyín ọmọdé, ó tún un dè. Agbẹ̀bí tẹ ẹ́ńjìnnì. Téèpù fà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀fọn ti kú.

Agbẹ̀bí lọ, ilé mẹ́ta sì mì kó tó yà ní ìkòríta.

Kó tó di ọ̀sán, òkúta ojú títì ti gbọ́. Oníbàárà mélòó kan kò padà wá mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yí orin wálẹ̀ láti dán an wò bá ẹ̀fọn nínú ọkọ̀ tiwọn náà, wọ́n tò wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Fèrè á jókòó síwájú ọkọ̀, aṣọ tó ń rán lórí itan, téèpù lọ́wọ́. Àwọn ọkọ tuntun náà wá, ojú wọn le koko. "Bàbá, ẹ̀kọ́ wo lẹ kọ́ wa?" Elétí-Ajá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Fèrè wọ inú ọkọ̀ ògbólógbòó tí ọkọ rẹ̀ fi ń polówó iṣẹ́. Máìkì wà nínú rẹ̀, wúfà méjì ló sì wà ní búùtù.

"Ẹ gùn ún," ó fọwọ́ júwe fún un.

Elétí-Ajá yí bọ́tìnnì kí ohùn lè nípọn dáadáa, ó gun búùtù. Fèrè gbé máìkì sẹ́nu. "A ó mú un láti ọdún kìn-ín-ní. ÒRÙLÉ ILÉ ÌDÁNÁ."

Ọ̀rọ̀ náà gba ìdí wọlé, ó dé eegun ẹ̀yìn. Elétí-Ajá la ojú. "Irọ́ ni! Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan!"

Fèrè yí padà bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹni tó ti pẹ́ lájò. Láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fún un lésì. "Ìṣó méjì lẹ kàn mọ́ ọn!" ó ké, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. "Ìṣó méjì, ọ̀kan wọ́!"

Wọ́n jà títí oòrùn fi kúrò lórí òrùlé. Àwọn aládùúgbò gbé àga jáde. Ìgbà tí wọ́n dé ìdajì ọdún kejì, Fèrè mu omi, ó tún ìró ró, ó sún mọ́ máìkì. Èébú ọ̀sẹ̀ méjì ti kàn.

"Orí yín dà bí àpótí wúfà: ó tóbi, inú rẹ̀ ṣófo, wáyà méjì péré ló so ó mọ́ ara."

Gbogbo títì na ọrùn. Elétí-Ajá rọra di ojú, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń dán iṣẹ́ wò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín mú un débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú lórí búùtù.

"Tún un sọ," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni eyín mi tíì lu ara wọn."