Korobá Tí Àkàndé Gbé fún Ẹṣin Àlejò

Lọ́dún 1979, tí ẹ bá gba Ekenwan Road kọjá bárékè àwọn sójà, òórùn ìgbẹ́ ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ kí ẹ tó rí Àkàndé. Ará Ìlọrin ni, ẹṣin mẹ́fà ẹgbẹ́ agẹṣin kan ló ń tọ́jú. Ó mọ ẹṣin ju bó ṣe mọ ìyàwó rẹ̀ lọ; Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni Àbẹ̀ní, ọmọ ẹṣin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀.

Fọlákẹ́, dókítà ẹran tó ń ti Ugbowo wá, ti kìlọ̀ fún un. "Bàbá, ẹṣin àlejò ò gbọdọ̀ wọlé. Kó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ máńgòrò ìta, pẹ̀lú korobá tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó má baà kó àrùn ran àwọn yòókù." Àkàndé gbà.

Ó gbà, àfi ìgbà tí Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ẹṣin, mú ẹṣin kan sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Àkàndé, ẹṣin àlejò ní í mumi ṣáájú àlejò, korobá onílé ni yóò sì fi mu ún. Ṣé kó wá ní kí ẹṣin ọ̀gá òun sùn síta bí ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́? Ojú tì í. Ó rí ikun funfun nímú ẹṣin náà, ó ní eruku ọ̀nà ni. Ó gbé korobá ilé fún un, Àbẹ̀ní sì mu nínú omi tó ṣẹ́kù.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí abẹ́ àgbọ̀n Àbẹ̀ní fi wú. Yóò tẹnu bọmi, kò ní lè gbé e mì. Ẹṣin mẹ́ta ló ṣàìsàn. Méjì yè, Àbẹ̀ní kú. Dókítà ò bá a wí. Ó kàn bi í pé, "Bàbá, korobá mélòó lẹ lò?" Gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Lọ́dún kejì, Ìdòwú tún mú ẹṣin dé. Àkàndé dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú. Abẹ́ máńgòrò lẹṣin yín máa wà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Nígbà yẹn gan-an, mo gbé korobá tiẹ̀ lọ́tọ̀ dání nínú lọ́rì. Ìgbà tí o gbé tìrẹ fún un, mo ní bóyá o ti mọ̀ jù mí lọ."

Àkàndé gba okùn ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so ẹṣin náà mọ́gi, ó fọwọ́, ó wá lọ jókòó síbi tí Àbẹ̀ní máa ń sùn.