Ẹ̀fọ́ Ọwọ́ Màámi

Ọjọ́ tí owó wọ́n ní báńkì, tí inú bí gbogbo Ajah, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi àti màámi ń bọ̀ láti ọjà Ṣàngótẹ̀dó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ̀hónú hàn, tí wọ́n mú igi dání, ti dáná sun táyà lójú títì, wọ́n dá wa dúró.

“Ewé yín dà?”

Ọkọ̀ tí kò bá ní ewé lára, ọ̀tá ni. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì mọ́tò iwájú wa. Màámi fa ẹ̀fọ́ ṣọkọ yọ nínú báàgì, wọ́n nà án sókè.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, a wà lẹ́yìn yín o!”

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká kọjá. Nígbà tí a délé, ẹ̀fọ́ náà ti rún mọ́ wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ màámi ò lè ṣí ọwọ́ wọn.