Ohun Tí Pamílẹ́rìn Kò Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n mi Pamílẹ́rìn kì í lè jókòó sójú kan. Nọ́ọ̀sì ni, Adigbe ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti ń fi fóònù kọ́ èdè Póláńdì, torí ó ti ríṣẹ́ síbẹ̀. Bó bá wá kí Màmá wa l'Áké, orí ìdúró ló ti máa ń jẹun, tí yóò máa kùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú èdè náà ló ń dà á láàmú. Ó ní "od" ni "láti ọ̀dọ̀". Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ "lọ", èèyàn ti kúrò nìyẹn: ó lè jẹ́ nínú yàrá, ó lè jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ láyé.

Olùkọ́ rẹ̀ orí fóònù bi í pé kí ló máa ń sọ tó bá ń jáde nílé. Ó fi èdè wọn kọ ọ́ pé "mò ń bọ̀", bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Olùkọ́ náà fagi lé e, ó ní "mò ń lọ" ló yẹ kó kọ. Inú bí Pamílẹ́rìn: ta ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ?

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wọ bàálù, ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Màmá; tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn.

Màmá ní, "Pamílẹ́rìn, o ò tíì sọ pé ò ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.