Ohùn Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Adido

Ẹnu mi kì í sinmi. Ní Boni, ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ wa, níbi tí mo ti ń gbẹ̀bí, wọ́n ní ohùn mi máa ń ṣíwájú mi wọlé. Bí aboyún bá pẹ́ kó tó wá bá mi, màá bá a jà, màá bá ọkọ rẹ̀ jà, bí ìyá ọkọ bá sì dá sí i, a ó jọ fà á. Wọ́n fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀, àbí kí n kúkú sọ pé wọ́n ń fara dà á.

Nígbà tí àwọn kan wá láti Kútọnu pé àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ máa pe àwọn aboyún lórí pọ́tábù, ìyẹn fóònù alágbèéká, kó máa sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn ní èdè wa, ohùn ta ni wọn ì bá gbà bí kò ṣe tèmi? Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan wà fún ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí oyún bá ti fara hàn títí di ìgbà tí ọmọ bá dé. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ìyá ọmọ, ẹ kú ilé o! Ọmọ wa ńkọ́?" Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bí ẹnikẹ́ni bá pa ìpè náà láì gbọ́ ọ tán, kí ẹ̀rọ tún un pè, kó máa pè é títí á fi gbọ́ ọ dé òpin. Mo mọ àwọn obìnrin mi.

Ó ṣiṣẹ́ ní Boni, mi ò purọ́. Àwọn tí kì í yọjú títí ìrọbí á fi mú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wá. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò jẹ́ kí àwọn gbádùn lọ́jà, mi ò tún jẹ́ kí àwọn gbádùn nílé. Bí oyún bá sì bàjẹ́ lára ẹnìkan, màá lọ sílé rẹ̀, màá jókòó tì í láìsọ nǹkan kan, torí kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Bí mo bá ń padà bọ̀, màá ní kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní Boni yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Mi ò ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí àwọn ará Kútọnu pe ìpàdé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e dé Adido àti Okpara, tí wọ́n sì bi mí pé kí ló mú kó kẹ́sẹ járí ní Boni, ọ̀fun mi ni mo nàka sí. Mo ní, "Ohùn yìí ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbé ohùn mi lọ. Bí mo bá rántí ìka tí mo nà sí ọ̀fun yẹn báyìí, ṣe ni ara mi máa ń gbóná.

Lọ́jọ́ ọjà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, mo ń ná iṣu, mo sì ń pariwo mọ́ oníṣu bí ìṣe mi. Ìyá àgbàlagbà kan dúró, ó ń wò mí. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń dá ohùn mi mọ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Mo yíjú sí i, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi.

"Ìwọ lo máa ń pe ìyàwó wa ní Adido."

"Èmi ni, ìyá. Ọmọ wa ńkọ́?"

Háà, ẹnu mi yìí! Ìyá náà ò pariwo. Ó ní oyún náà ti bàjẹ́ ní oṣù kẹrin, láti ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, àti pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni mo ṣì ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó àwọn. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò pa pọ́tábù náà tì. Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè. Ó ní ọmọ òun wà ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tó bá rí yá ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀, nítorí náà, nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ gan-an ni wọn ò gbọdọ̀ má gbé.

Mo ṣírò oyún náà lọ́kàn. Ká ní ó dúró ni, oṣù rẹ̀ ti pé. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ló kù fún ẹ̀rọ láti sọ, mo sì mọ̀ ọ́n sórí: "Ẹ kú ewu ọmọ." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló máa dé etí obìnrin náà. Mo fi iṣu sílẹ̀ fún oníṣu, mo ní kí ìyá jẹ́ ká lọ.

Lórí alùpùpù onízẹ́mì tó gbé àwa méjèèjì, mo pe Kútọnu, mo ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà ìyàwó náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé e ní àfi kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Mo bú u débi pé onízẹ́mì ń bẹ̀ mí. Mo bi í pé ta ló yẹ kó máa yọ nọ́ńbà ní Adido. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ẹnìkan ń yọ nọ́ńbà. Èmi ló yẹ kí n sọ fún wọn. Níkẹyìn, ó ní kí n má bínú, òun ti yọ ọ́.

Ìyàwó náà jókòó síwájú ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Èèyàn kì í kàn wọlé onílé láìkí. "Ẹ kú ilé o!" ni mo wí. Ó ta gìrì, igbá ẹ̀gúsí yí dànù. Pọ́tábù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, kó tó yíjú wò mí. Ojú tì mí, ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọ inú rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bí i lọ́mọ, mo sì la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀," ló wí. "Ohùn yín gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́."

Kí ni mo tún ní tí mo lè fi bẹ èèyàn? Mo ṣa ẹ̀gúsí tó dànù, mo jókòó, mo ń bá a bó o. Ìyá ọkọ rẹ̀ lọ dáná. Oòrùn ń wọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti yọ nọ́ńbà náà.

Pọ́tábù dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó lè jẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí i, ó fa ọwọ́ padà, ó wá rọra sún un síwájú mi.

Mo gbé e. "Ìyá ọmọ, ẹ kú ilé o!" Èmi ni, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pinpin, mo fi ọwọ́ kejì bò ó kí ohùn náà má bàa jáde. Bí mo bá pa á, á tún pè. Mo ní láti gbọ́ ọ tán. Mo gbọ́ bí mo ṣe ń kí i kú ewu ọmọ, bí mo ṣe ní kó gbé ọmọ lé àyà, kó tètè fún un lọ́mú, kó má jẹ́ kí òtútù mú un. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà ò gbójú sókè. Ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ṣé ó ti tán?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tíì lè gbé pọ́tábù náà kúrò létí.