Orí Kunkun Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé bí mo bá sọ garawa kalẹ̀, ó máa ń dé mi ní orúnkún, omi pípọn ni iṣẹ́ mi nílé. Mo mọ̀ pé mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń jókòó pìtàn àtijọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Àmọ́ ọrùn mi ti dàgbà jù mí lọ. Bó bá ti ń rẹ̀ mí, òun ló kọ́kọ́ ń sọ fún mi, ó sì máa ń rẹ̀ mí dáadáa lásìkò yìí.

Ìṣẹ̀rí-Olófin là ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan, nínú ilé tí kànga rẹ̀ máa ń gbẹ bí ọ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí tó wà lókè la ti ń pọn omi. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà oníyanrìn kan, ẹ ó já kọ́nà sọ́wọ́ ọ̀tún níwájú ilé wẹ́dà tó ń jó irin, ẹ ó wá gba orí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà kẹ́ ẹ tó wọ ọgbà wa. Kò jìnnà. Ohun tó bá wà lórí ẹni ló ń sọ ọ̀nà di jíjìn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, màámi lóyún. Oyún tó ṣáájú ìyẹn ti bà jẹ́ mọ́ wọn lára, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo rárá. Màámi gbọ́, wọ́n tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Aṣọ ni wọ́n ń rán ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ìkòtún. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Bí kò bá kún, wọ́n á gbé garawa. "Má ṣèyọnu, ẹ̀ẹ̀kan péré ni," wọ́n á ní. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn á di mẹ́ta. Bàbá mi ń ṣe bíríkìlà lọ́nà jíjìn, wọn kì í tètè dé.

Torí náà, bí mo bá ti bọ́ aṣọ ilé ìwé, eré ló kù. Mo rò pé bí mo bá ṣe ń sáré tó ni dúrọ́ọ̀mù á ṣe tètè kún tó. Ẹ̀yin náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdajì omi ni mo máa ń gbé délé. Ìyókù wà lára mi, ó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí màámi tí wọ́n ru garawa bọ̀ lórí pákó yẹn, ọwọ́ kan di garawa mú, ọwọ́ kejì di ìbàdí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n di etí dúrọ́ọ̀mù mú, wọ́n pa ojú dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ń tẹ́tí sí nínú ikùn wọn.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Tíṣà pè mí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ará Èkìtì, ilé wọn ló kángun sí gọ́tà. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí lọ́sàn-án pẹ̀lú rédíò tí kì í sọ̀rọ̀ já geere.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé omi lo lọ pọn ni àbí o lọ wẹ̀?"

"Ẹ káàsán, sà. Omi ni mo pọn, sà."

"Yípo kí n rí ẹ." Mo yípo tòun ti garawa. "Iwájú tutù. Ẹ̀yìn tutù. Èjìká òsì tutù, tọ̀tún gbẹ. Ó dáa. O gbéra bí ẹni tí ajá ń lé, o já kọ́nà ilé wẹ́dà láì dín eré kù, o wá ṣàdédé dúró nígbà tó o rí pákó."

Ẹ̀rù bà mí. "Ṣé ẹ ń ṣọ́ mi ni, sà?"

"Kí ni n ó fi ṣọ́ ẹ? Ojú tí ò ríran kọjá gọ́tà yìí? Aṣọ ẹ ló rojọ́ ẹ."

Wọ́n ní kí n sọ omi kalẹ̀. Wọ́n gbé ife omi tiwọn sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tì í lójijì. Omi fò sẹ́yìn, ó dà. Wọ́n wá rọra tì í títí ó fi ń lọ geerege, wọ́n sì dá a dúró gbì. Omi fò síwájú.

"Ṣó o rí i? Omi lórí kunkun. Bó bá jókòó, kò fẹ́ dìde. Bó bá ń lọ, kò fẹ́ dúró. Bó bá kọjú síbì kan, kò fẹ́ yà. Ìwọ dúró, òun ò dúró. O rò pé ó ń dà ni, ìrìn tiẹ̀ ló ń bá lọ."

"Kí n wá máa rọra rìn, sà? Màámi á dé bá mi."

"Ta ló ní kó o rọra rìn? Mo ní kó o rọra gbéra, kó o rọra dúró. Bó o bá ti wà lẹ́nu ìrìn, máa yára lọ, ṣáà má fò sókè. Ilẹ̀ ń fa garawa yẹn sísàlẹ̀, ọrùn ẹ ń tì í sókè. Bí agbára àwọn méjèèjì bá dọ́gba, á jókòó jẹ́ẹ́. Ìwọ ni ò jẹ́ kó jókòó. Níbi ìsọ̀kalẹ̀, gé ẹsẹ̀ kúrú, iyanrìn ò di ẹsẹ̀ mú. Tó o bá sì ti ń gbúròó irin wẹ́dà, bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù. Má dúró dìgbà tó o bá rí pákó." Wọ́n wò mí. "Kí ló tiẹ̀ ń lé ẹ?"

Mo sọ fún wọn nípa màámi àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa rédíò.

Mo dán an wò. Àkọ́kọ́, ó ṣì ta sí mi nímú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èjìká nìkan ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omi náà lórí mi, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jí. Ẹ má rò pé ó dùn. Ọrùn ń ro mí, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́. Mo kàn ń gbéra jẹ́jẹ́, mo ń dúró jẹ́jẹ́, títí ojú omi fi dé etí dúrọ́ọ̀mù. Mo dé e, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Màámi wọlé, wọ́n wo aṣọ mi láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ó gbẹ táútáú.

"Eré lo ń ṣe látìgbà tó o ti dé," wọ́n ní. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ohùn wọn ti rẹ̀. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a ṣe òṣùká, wọ́n gbé garawa.

"Màámi, ẹ wo dúrọ́ọ̀mù ná."

"Fi mí sílẹ̀ jàre, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Wọ́n fẹ́ fi omi díẹ̀ ṣan garawa kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n na ọwọ́ wọnú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìsàlẹ̀, omi sì pàdé wọn lókè, ó rin apá aṣọ wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

"O ti pọn ọ́n tán."

"Ẹ̀n, mà."

Wọ́n jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, òṣùká ṣì wà lórí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kí màámi jókòó kí oúnjẹ tó jinná. Látọjọ́ náà títí wọ́n fi bímọ, wọn ò gbé garawa mọ́.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ mi ní Baruwa ló ń gbé báyìí, ó máa ń tẹ orí ba kó tó wọlé. Kò ru omi rí. Ẹ̀rọ Sumo ló ń fa omi sí táńkì fún wa. Bí táńkì bá kún, tó ń dà, èmi ni mò ń sáré láti ilé ìdáná lọ pa á. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò gbọ́," á ní, fóònù á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá: kí ló dé tí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ fi máa ń fì síwájú bí ọkọ̀ bá dúró lójijì? Àbúrò mi ka ìdáhùn rẹ̀ láti inú fóònù, Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bá bu omi sínú abọ́ kan, mo gbé e rù ú, mo ní kó rìn dé géètì.

Ó yára lọ, ó dé géètì, ó dúró gbì. Omi bò ó lójú. Ó yíjú sí mi, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti dúró, omi ò tíì gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọrùn fi ń dùn mí. Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn pé abọ́ kékeré ni, pé ẹ̀kọ́ ló mú kó gbé e, kì í ṣe ẹ̀rù. Ayé ti yí. Màámi ti jókòó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní kí èmi náà sọ garawa kalẹ̀. Ara mi ni ò tíì gbọ́.