Alùpùpù Tó Ń Kú Tí Ìyàwó Mi Bá Gùn Ún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ mi, kí n ròyìn ẹ̀rù kan tó bà mí nígbà èwe mi. Ó kù díẹ̀ ká gba òmìnira nígbà náà, ní Ẹdẹ wa níbí. Mo ti darúgbó báyìí, ojú kò tì mí mọ́ láti sọ ọ́.

Olùkọ́ ni mí ní iléèwé kan ní Ara. Mo ní alùpùpù ògbólógbòó kan tí òyìnbó kan ti lò gbó kó tó kàn mí. Nígbà tí ìgbéyàwó mi ń sún mọ́lé, mo ní kí alágbẹ̀dẹ kan yọ ìjókòó rẹ̀, kó ṣe èyí tó gùn sí i, tó ní sípíríìǹgì lábẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn, ẹni tó bá gbé ìyàwó sẹ́yìn alùpùpù, gbajúmọ̀ ni?

Mo fẹ́ Ṣàráfà, aránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó wọlé, mo gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ ní Alájùé. Bí alùpùpù ṣe fò sókè lórí irin rélùwéè báyìí, ó kú. Àárín irin méjèèjì gan-an ló kú sí. Mo fi ẹsẹ̀ ta á títí, kò dáhùn. Ni mo bá gbọ́ fèrè rélùwéè láti òkèèrè.

Mo di ọwọ́ alùpùpù mú. Ṣàráfà bọ́ sílẹ̀, ó tì í látẹ̀yìn, a sáré kúrò níbẹ̀. Rélùwéè kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbé gèlè orí Ṣàráfà lọ. Mo wá tún fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí!

Mo ní èèṣì ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ náà ló tún kú sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Tó bá sì jẹ́ èmi nìkan ni mo gùn ún, mo lè gba orí irin yẹn kọjá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kò ní kọsẹ̀.

Mo gbé e lọ bá Súlè tó ń tún alùpùpù ṣe. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́. Ó tọ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń fi gílóòbù kékeré kan dán iná wò níbi gbogbo, gílóòbù sì ń tàn. Ó gùn ún kọjá lórí irin lọ, ó gùn ún bọ̀. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, pé kí n yáa fẹ̀sọ̀ wo ilé mi.

Ìyá mi gbọ́. Wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Àlàbí, kí ọmọbìnrin yẹn tó wọlé, ṣé alùpùpù ẹ kú sórí irin rí?"

Mo ní kò kú síbẹ̀ rí.

"Kí lo wá ń wò? Ìwọ nìkan ni mo bí. Dá a padà sílé wọn, kí wọ́n lọ yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ wọn wò."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìyàwó mi. Tó bá gbé oúnjẹ wá, màá ní mo ti yó. Tó bá fọwọ́ kàn mí, ara mi á bù máṣọ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kíláàsì, fèrè rélùwéè ni mò ń gbọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀mí mi náà.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo sọ fún un pé kó di ẹrù rẹ̀. Kò sunkún. Ó di ẹrù tán, ó wá ní òun ní ìbéèrè kan.

"Yàtọ̀ sí èmi, ta lẹ tún ti gbé sórí alùpùpù yìí rí?"

Mo ronú títí. N kò gbé ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ gbé àpò gàrí tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn, ó wúwo tó mi, kí ẹ gbé e kọjá lórí irin. Tí kò bá kú, mo ń lọ. Mi ò ní bínú."

Súlè bá mi di àpò náà mọ́ ọn, òun àti Ṣàráfà sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé mi. Bí mo ṣe ń sún mọ́ irin, mò ń gbàdúrà. Ẹ má bú mi, n kò mọ èwo gan-an ni mò ń gbàdúrà fún. Mo gun orí irin, alùpùpù fò, ó kú.

Àpò gàrí! Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èmi ṣì wà lórí rẹ̀. Súlè ní kí n má ṣe bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ àpò náà mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ ìjókòó. Iná ta pàrà, òórùn awọ tó ń jó sì gba imú wa.

Nígbà tó tú ìjókòó, tírà kan tí wọ́n fi awọ rán ló wà níbẹ̀, wáyà bàbà ni wọ́n fi so ó mọ́ sípíríìǹgì. Ẹnì kan kò wúwo tó láti tẹ ìjókòó kan bátìrì. Ṣùgbọ́n tí ẹni méjì bá jókòó, tí alùpùpù sì fò, wáyà náà á lọ kan orí bátìrì, iná tó yẹ kó lọ sínú ẹ́ńjìnnì á gba ara irin alùpùpù lọ.

Ṣàráfà bèèrè pé ta ló so ó síbẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún un. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wa ni ìyá mi gbé tírà náà wá, wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ máa gbé kiri, kí nǹkan kan má bàa ṣe é. Mo ní òwú á tètè jẹrà, ni mo bá fi wáyà so ó. Mo so ó tán, mo gbàgbé.

Ìyá mi fúnra wọn ló gbé oúnjẹ lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ó tú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí mo fi ta alùpùpù yẹn, tí a bá ti fẹ́ dé ojú irin, á ní kí n dúró. Á bọ́ sílẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn kọjá. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe rélùwéè ló ń bẹ̀rù, èmi ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ yẹ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ so wò, kó tó wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti bẹ̀rù rí, tí kò ṣẹ̀ yín? Ẹ kọ tiyín síbí. Ṣàráfà jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, òun náà fẹ́ gbọ́.